Omi ní ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ: ìrírí mi pẹ̀lú àpótí iyùn mi àkọ́kọ́

Láti kékeré ni mo ti mọ iyùn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìyá mi ń fi sọ́rùn bí ó bá ń lọ sí òde, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, mo sì ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, kí n tó rí iyùn tí ó wà láàyè, tí ó ń là nínú omi bí òdòdó, tí ó sì ń pa ara rẹ̀ dé bí nǹkan bá fara kàn án. Láti ọjọ́ náà ni ó ti wọ̀ mí lọ́kàn pé èmi náà yóò ní àpótí omi òkun nínú ilé. Àpótí dígí tí mo rà kò tóbi púpọ̀. Lẹ́yìn tí mo to òkúta àti iyanrìn sínú rẹ̀, lítà 120 ni omi tí ó gbà.

Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù kò dára fún iṣẹ́ yìí bí ó ti wà. Omi líle ni, gbogbo wa ni a sì ń rí ẹfun rẹ̀ tí ó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù. Ó tún máa ń ní nitrate, èyí tí ewéko omi ń jẹ títí yóò fi bo òkúta. Ẹ̀rọ RO (reverse osmosis), tí ń ti omi gba inú awọ tín-ín-rín kọjá kí ohun tí ó yòrò sínú rẹ̀ lè kù sẹ́yìn, ni mo fi ń sẹ́ ẹ kí n tó da iyọ̀ òkun sí i. Ọ̀sẹ̀ 5 gbáko ni mo fi tọ́jú àpótí náà láìsí ẹja kan ṣoṣo nínú rẹ̀, tí mo ń kán amóníà, májèlé tí ìgbẹ́ ẹja máa ń mú wá, díẹ̀díẹ̀ sí i, kí àwọn bakitéríà tí ń sọ amóníà di nitrite, àti àwọn tí ń sọ nitrite di nitrate, lè fìdí múlẹ̀ lára òkúta. Ìgbà tí amóníà àti nitrite kò hàn mọ́ nínú ìdánwò ni mo tó ra ìgbín òkun 6, lẹ́yìn náà ẹja òkun kékeré tí wọ́n ń pè ní clownfish 2, lẹ́yìn náà zoanthid kékeré kan, ẹ̀dá òkun tí ó jẹ́ ìbátan iyùn tí ó sì ń là bí òdòdó, tí ó ní orí 7, tí orí kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Bí ẹ bá ra zoanthid, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má sì ṣe gbé òkúta tí ó wà lára rẹ̀ sínú omi gbígbóná láé. Àwọn kan nínú wọn àti nínú àwọn ìbátan wọn ní májèlé palytoxin, oru omi náà tí ènìyàn bá sì fà símú lè gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi kò ju pé omi ń dín lọ. Ooru híítà tí ó mú omi wà ní ìwọ̀n Celsius 25, iná tí ń tàn lókè rẹ̀ àti pọ́ǹpù tí ń rú u, gbogbo wọn ni ó ń sọ omi di oru, tó bí lítà kan àbọ̀ lójúmọ́. Mo rò nínú ara mi pé níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ omi òkun ni ó dín, omi òkun náà ni ó yẹ kí n dá padà. Ní àràárọ̀ ni mo ń po iyọ̀ mọ́ omi, tí mo sì ń bù ú kún un. Ní ọjọ́ kẹjọ, zoanthid pa gbogbo orí rẹ̀ dé, kò là mọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, ìgbín 2 ti ṣubú sórí iyanrìn, wọn kò lè gbé ara wọn dìde, àwọn ẹja sì ń mí gúlegúle.

Ìyá mi, tí ó wá kí wa láti Ìbàdàn, ń gbé ọbẹ̀ kaná lọ́wọ́ nígbà tí ó rí i pé mo tún gbé garawa.

Ó ní, “Kí ni o ń dà sí i?”

Mo ní, “Omi iyọ̀ ni, Màmá. Omi inú rẹ̀ ń dín ni.”

Ó wò mí, ó ní, “Bí ọbẹ̀ bá gbẹ lórí iná, ṣé iyọ̀ ni wọ́n tún ń bù sí i?”

Mo gbé garawa náà sílẹ̀. Mo mú refractometer, ohun èlò tí a fi ń mọ bí iyọ̀ inú omi ṣe pọ̀ tó, mo kán omi díẹ̀ sórí dígí rẹ̀, mo pa ìdérí rẹ̀ dé, mo sì gbé e sójú níwájú fèrèsé. Ibi tí àwọ̀ aró ti pàdé funfun, tí ó jẹ́ 1.026 (ìyẹn ni bí omi náà ṣe wúwo ju omi lásán, tí ó jẹ́ 1.000) ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ti gun òkè dé 1.030. Lítà kan àbọ̀ omi òkun ní iyọ̀ tí ó lé ní gíráàmù 50. Ẹ fi ọjọ́ 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ìdajì kílò iyọ̀ ni mo ti fi kún ilé àwọn ẹ̀dá yìí.

N kò dá a padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ìyípadà òjijì lè pa ohun tí iyọ̀ kò tíì pa. Lítà 2 ni mo ń bù kúrò lójúmọ́, tí mo ń fi omi tí a sẹ́, tí kò ní iyọ̀ rárá, dípò rẹ̀, fún ọjọ́ 7, títí ìlà náà fi padà sí 1.026. Àwọn ìgbín méjèèjì náà kú, ó sì dùn mí gan-an. Àwọn ẹja yè.

Nísinsìnyí, mo ti lẹ téèpù pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀yìn dígí níbi tí omi yẹ kí ó dé, omi tí kò ní iyọ̀ ni mo sì ń bù kún un títí yóò fi kan téèpù náà, láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá pààrọ̀ omi nìkan ni mo ń po iyọ̀. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ìlà náà padà sípò ni orí zoanthid kan là, tí ó kọ́kọ́ rí bí etí agbádá tí ó gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Mo kà wọ́n láàárọ̀ yìí: wọ́n ti di 19.