Wúrà lẹ́búlẹ́bú ń bá omi lọ mọ́ mi lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí wúrà fífọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń fọ òkúta wẹ́wẹ́ inú odò. Igbá ni mo fi bẹ̀rẹ̀ kí n tó kan àpótí gígùn tí omi ń gbà kọjá. Mo to igi pẹlẹbẹ dábùú sínú rẹ̀, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sábẹ́ wọn. Mo mọ̀ pé wúrà wúwo tó omi lọ́nà bíi 19, yanrìn lásán kò sì tó mẹ́ta, nítorí náà ó yẹ kí wúrà rì sẹ́yìn igi, kí yanrìn máa bómi lọ. Àwọn hóró ńlá ń dúró lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí mo tún èyí tó ṣàn jáde fọ̀ nínú igbá, wúrà kíún-kíún ló ń dán níbẹ̀! Ó dùn mí wọra.

Ní ẹsẹ̀ bàtà kan, àpótí mi fi ínṣì 2 dagun. Ṣé kò ti pọ̀ jù? Tí mo bá dín in sí ínṣì kan, yanrìn dúdú, èyí tó wúwo ju yanrìn lásán lọ, á dì gbagidi sẹ́yìn igi, wúrà ò sì ní ríbi wọ̀. Amọ̀ tún pọ̀ níbẹ̀. Ṣé kí n kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, kí n sì fi ajọ̀ yọ òkúta ńlá kúrò?

Kí ẹ sì tó dáhùn: ẹ má dárúkọ mákúrì, irin olómi tí àwọn kan fi ń kó wúrà jọ, fún mi o, májèlé ni.

Yanrìn dúdú yẹn gan-an ńkọ́? Mágínẹ́ẹ̀tì ń fa díẹ̀ nínú rẹ̀, ìyókù kò dá a lóhùn.