Pákó ọkọ̀ mi ti là nínú ọyẹ́, ṣé kí n fi fáíbà bò ó?

Ọmọ Lugbe: Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra ọkọ̀ onígbòkun àtijọ́ kan, onípákó, ẹsẹ̀ bàtà 19. Lightning ni, irú èyí tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1938. Èkó ni mo ti gbé e wá lórí tírélà lásìkò òjò, inú ọgbà wa níbí ló sì wà láti ìgbà náà. Ọyẹ́ wá dé. Àárín àwọn pákó ìsàlẹ̀ ti là débi pé bí mo bá wọ abẹ́ rẹ̀, mò ń rí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run. Ọ̀gá oní-fáíbà kan ní Apo ní òun máa fi fáíbà bo gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi ò ní wọlé mọ́ láéláé. Káfíńtà tèmi ní kí n po Araldite, gọ́ọ̀mù tó máa ń le, mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi, kí n fi dí i. Jabi Lake ni mo fẹ́ gbé e lọ, tó bá yá, Kainji. Èwo ni ká ṣe?

Bàbá Bárékè: Ẹ tà á, kí ẹ fowó ẹ̀ ra Yamaha.

Ará Ẹ̀pẹ́: Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àlàfo yẹn. Pákó gbẹ ni, ló fi súnkì. Tó bá mumi yó, á wú padà. Tí ẹ bá fi nǹkan líle dí i báyìí, ọjọ́ tó bá wọ omi, kò ní ráyè wú sí, nǹkan kan á sì yẹ̀: síkúrú á tu, tàbí kí egungun ìhà ọkọ̀ dá.

Ẹ tẹ́ àpò ìdọ̀họ sínú rẹ̀, kí ẹ máa rin ín lómi láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ fi tapólì ṣíji bò ó. Ẹ má pọn omi kún inú ọkọ̀ o! Lítà ẹgbẹ̀rún kan, tọ́ọ̀nù kan nìyẹn, orí tírélà níbẹ̀ ló máa ti ya. Ẹ ṣe sùúrù fún un. Ibi tó bá kọ̀ tí kò pa dé nìkan ni ẹ ó dí. Ẹ jẹ́ kí ojú pákó gbẹ díẹ̀ lábẹ́ ìbòji, ẹ há òwú sí i wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ wá fi pọ́tì rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ lójú.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mú síkúrúdíráfà tó mú, kí ẹ gún pákó ẹ̀gbẹ́ àpótí tí irin àárín ń gbà sọ̀ kalẹ̀ wọ omi, àti igun tí ìsàlẹ̀ ti pàdé ẹ̀gbẹ́. Tó bá wọlé bí ẹni gún búrẹ́dì, ẹ gé ibẹ̀ kúrò. Ọ̀gánwó ni kí ẹ fi rọ́pò. Tí wọ́n bá fi igi àfàrà lọ̀ yín ní ọjà pákó Dei-Dei, ẹ má dá wọn lóhùn, kíá ló ń jẹrà.

Ọmọ Apo: Ẹ má ba ọjà wa jẹ́ o. Fáíbà la fi ń tún tánkì ṣe, kì í jò.

Ará Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀gbọ́n, tánkì kì í wú, kì í sì í súnkì. Pákó tí wọ́n tò síra wọn kì í dúró jẹ́ẹ́. Fáíbà á ṣí lára rẹ̀, omi á há sáàárín, igi á máa jẹrà níbi tí ojú ò tó.

Ìyá New Bussa: Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé omi òkun ló ń ba ọkọ̀ jẹ́ jù. Kòkòrò tó ń lu pákó nínú omi, omi oníyọ̀ ló ń gbé, ẹ ò lè bá a pàdé ní Jabi, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta ọ̀dà olówó gọbọi òkun fún yín. Òjò tó bá rọ̀ sínú ọkọ̀, tó sì dúró síbẹ̀, ni ọ̀tá yín. Omi tí kò níyọ̀ ló ń tètè mú igi jẹrà. Ẹ yọ ìdérí ihò ìdí ọkọ̀, ẹ gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀.

Ní ti Kainji, ẹ má kánjú. Nígbà tí wọ́n sé omi yẹn ní 1968, igi pọ̀ tí wọn ò gé kúrò. Kùkùté ò rí irin àárín yín kó yà fún un. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ kì í sì í kéde kó tó dé.

Ọmọ Lugbe: Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹnìkan ní kí n rin ín, ẹnìkan ní kí n fà á gbẹ. Ta ni kí n gbọ́?

Ìyá New Bussa: Àwa méjèèjì. Àpò tútù tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kò burú. Àdágún omi tó ń sùn sí kọ̀rọ̀ ni mò ń bá wí.

Télọ̀ Tapólì, Nyanya: Ìgbòkun ńkọ́? Ẹ fi èékánná fa òwú ojú rírán. Tó bá já, oòrùn ti pa òwú nìyẹn, aṣọ fúnra rẹ̀ ṣì lè dára. Òwú pọlísítà ni kí ẹ fi tún un rán, kí ojú rírán máa lọ kọ́lọkọ̀lọ.

Kubwa Boy: Ẹ fi àkísà nu wáyà tó di òpó mú láti òkè délẹ̀. Ibi tó bá ti há àkísà, fọ́nrán kan ti já, ẹ pààrọ̀ wáyà náà. Kí ẹ tó gbé òpó nàró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wòkè: wáyà NEPA!

Ọmọ Lugbe: Mo ti gún un. Pákó kan rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn, tó ìwọ̀n apá kan. Báwo ni kí ọ̀gánwó náà ṣe nípọn tó?

Ará Ẹ̀pẹ́: Ẹ wọ̀n ọ́n lára ibi tó ṣì dára. Kí ẹ sì gbé e lọ́wọ́ wò kí ẹ tó sanwó, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń wúwo. Èyí tó ti pẹ́ ní ìsọ̀ ni kí ẹ mú.