Ìwé ẹ̀rí kọ́ ni láísẹ́ǹsì: lórí ìyọ̀ǹda, ẹ̀rí àti àṣẹ

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n kọ̀wé lọ́jọ́ Ajé gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta kalẹ̀. Wọ́n ní kí a máa pe FRSC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ojú pópó, ní “Àjọ Aṣàkóso Ìrìnnà Ojú Ọ̀nà”, kí láísẹ́ǹsì máa jẹ́ “ìwé ẹ̀rí ìwakọ̀”, kí gbígba nọ́ńbà sí mọ́tò sì máa jẹ́ “ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀”. Wọ́n fi kún un pé ọ̀kan náà ni ẹ̀rí, àṣẹ àti ìyọ̀ǹda, kí kálukú lo èyí tó bá wù ú. Ibẹ̀ ni mi ò ti lè bá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ bàbá mi, tó jẹ́ dẹ́rẹ́bà lọ wáṣẹ́ sí iléeṣẹ́ akẹ́rù kan n'Ìbàdàn. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì pé kí ẹni tó bá ń bọ̀ mú “ìwé ẹ̀rí ìwakọ̀” rẹ̀ dání. Ẹ̀gbọ́n mi tú àpótí títí ó fi rí ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ fún un lọ́jọ́ tó kọ́ṣẹ́ parí. Etí rẹ̀ ti ń já, ó bá fi ọ̀rá wé e kó má baà ya, ó gbé e lọ. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ wà nílé nínú àpò ṣòkòtò mìíràn. Akọ̀wé wo ìwé náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní èyí kọ́. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó lọ sílé kó tó padà dé, wọ́n ti gba èèyàn tán. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ní kó mú wá, ìwé ẹ̀rí ló sì mú wá. Ẹni tó kọ̀wé mọ́ géètì ló ṣi ọ̀rọ̀ lò.

Ní Nàìjíríà, ìwé mẹ́ta ló ń kọjá lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wa mọ́tò bí òfin ṣe wí. Bí Yorùbá bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta nílẹ̀ fún ìwé mẹ́ta, kí ló dé tí a ó fi pa wọ́n pọ̀?

Ìwé tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, tó lẹ lẹ́tà L pupa mọ́ mọ́tò, ìyọ̀ǹda ni. Ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda nǹkan fún, nǹkan náà kò tíì di tirẹ̀, ojú ẹni tó yọ̀ǹda ṣì wà lára rẹ̀. Èyí tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún un ni ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni èsì ìdánwò tó bá yege níwájú VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ẹni tó bá rí nǹkan ló ń jẹ́rìí sí i: olùkọ́ rí i pé ọmọ yìí mọ mọ́tò wà, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Láísẹ́ǹsì yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹ mú un sọ́wọ́ kí ẹ wò ó. Àwòrán ojú rẹ wà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé rẹ náà wà níbẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ sì ti wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Lẹ́tà kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ irú ọkọ̀ tí o lè wà: A ni ti ọ̀kadà, J sì ni ti àwọn ẹni àkàndá. Ọjọ́ tí yóò tán náà wà lára rẹ̀, nítorí ọdún 3 tàbí ọdún 5 ni wọ́n ń fúnni. Ẹ̀rí wo ló ń tán lásìkò? Ìwé ẹ̀rí wáẹ̀kì tí mo gbà ní ọ̀dọ́ ṣì jẹ́ ìwé ẹ̀rí dòní. Bí mo bá sì hùwà tí kò dáa lójú títì, wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ mi, àmọ́ kò sí adájọ́ tó lè sọ ohun tí olùkọ́ mi fojú ara rẹ̀ rí di ohun tí kò rí. Ohun tí a lè fúnni, tí a lè pààlà sí, tí a sì lè gbà padà, àṣẹ là ń pè é. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ni láísẹ́ǹsì.

Àbúrò kan nínú wa ti ní àṣẹ ti tóbi jù, pé ti ọba àti ti àdúrà ni. Mo gbọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tí kì í sọ ọ́ lójoojúmọ́: “ta ló fún ọ láṣẹ?”, “ó wọlé láìgbàṣẹ”. Ohun tí ẹ̀ṣọ́ tó dá mọ́tò dúró ń béèrè gan-an nìyẹn.

Lórí orúkọ àjọ náà, mi ò ní pẹ́. “Ìrìnnà” ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́: ìwé ìrìnnà ni páálí tí a fi ń gòkè òkun. Yàtọ̀ sí èyí, orúkọ tí ẹ̀gbọ́n wa dá bá àjọ mìíràn mu ju ti wa lọ. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àjọ ìrìnnà tí wọ́n ń pè ní ANaTT ló ń fún wọn ní ìwé awakọ̀, òun náà ló ń fún ọkọ̀ ní nọ́ńbà, nítorí náà “aṣàkóso” yẹ ẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ pín. FRSC ló ń ṣe káàdì láísẹ́ǹsì àti nọ́ńbà jáde, VIO ìpínlẹ̀ ló ń dán awakọ̀ wò, iléeṣẹ́ agbowó-orí ìpínlẹ̀ ló ń gbowó. Ààbò ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká gẹ́gẹ́ bí alága àkọ́kọ́. Irú rẹ̀ sì ti wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1977. Àwọn àgbà Ìbàdàn ṣì ń pè wọ́n ní májàmájà. “Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó” tí rédíò àti ìwé ìròyìn ń lò dáa lójú mi. Ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan ni ẹ̀ṣọ́, orúkọ àwọn akọni ogun Ọ̀yọ́ àtijọ́ sì ni pẹ̀lú. Òótọ́ ni pé inú ìlú ni pópó wà tẹ́lẹ̀, tí iṣẹ́ wọn sì pọ̀ ní márosẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti fẹ̀, a ti gbà á bẹ́ẹ̀.

“Ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀” ńkọ́? Orúkọ ta ni a fi sílẹ̀? Orúkọ onímọ́tò ni. Mọ́tò fúnra rẹ̀, nọ́ńbà ló gbà. Kò sí ní gáréèjì kankan tí wọn kì í ti í sọ pé “mo ti gba nọ́ńbà sí i”. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ìjọba ìbílẹ̀ tó ti gbà á, bí KJA fún Ìkẹjà. Nínú ìwé ìjọba, mo lè fara mọ́ “fífi orúkọ onímọ́tò sílẹ̀”. Lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà máa jẹ́ nọ́ńbà.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ béèrè. Àwọn Faransé ń pe ìwé awakọ̀ ní permis, ìyọ̀ǹda sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé ṣèjọba, tó wà láàárín wa, nígbà tí ẹ bá ń bá ara yín sọ̀rọ̀ ní gáréèjì, tí kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba nítòsí, kí lẹ ń pè é? Ṣé permis náà ni, àbí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà lẹ́nu yín tí àwa tó wà níhìn-ín kò tíì gbọ́?