Oríkèé ni, kì í ṣe ìdè

Ẹ̀gbọ́n, mo ka àbá yín lórí orúkọ Yorùbá tí a máa pe àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ òfurufú kékeré táwọn ọmọ ń fi rìmóòtù darí. Ẹ ní ká pe ohun tó so pẹlẹbẹ tó ń mì lẹ́yìn apá mọ́ apá náà ní "ìdè", ká pe pẹlẹbẹ yẹn ní "ìyẹ́ kékeré", ká sì pe ti ìrù ní "agbéga". Ẹ má bínú, kò sí ọ̀kan tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tí a bá dè, a ò fẹ́ kó mira ni. Ta ló ń de ewúrẹ́ kó lè máa rìn fàlàlà? Ohun tí à ń wá orúkọ fún yìí ń so nǹkan méjì pọ̀ kó má já, ó sì tún ń jẹ́ kó tẹ̀ sókè sódò. Ara wa ní irú rẹ̀, a sì ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́: oríkèé.

Ní Sátidé tó kọjá, nílé wa l'Ẹ̀pẹ́ níbí, àbúrò mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi fóòmù ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi abẹ gé etí pẹlẹbẹ tó kan apá ní dídagẹ̀rẹ̀, torí bí etí apá àti ti pẹlẹbẹ bá dúró ṣánṣán, wọn á kọlura nígbà tó bá fẹ́ tẹ̀ wálẹ̀. Ó lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn lójú òkè, ó ká a sẹ́yìn títí tó fi sùn lé apá lórí, ó wá lẹ òmíràn sínú àlàfo tó yọ. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ń lọ ó ń bọ̀. Èyí tó ti kọ́kọ́ fi igi fífúyẹ́ ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oríkèé oníke tó ní pín-ìn-nì láàárín ló lò síyẹn, kò sì fi fasilíìnì pa pín-ìn-nì náà kó tó da gúlù sí i. Gúlù wọlé, ó gan pa. Mo bi í pé kí ló ṣe é, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, làkúrègbé ni."

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyẹn: bí a bá mú oríkèé, gbogbo ẹbí rẹ̀ ló ń bá a wá. Tí gúlù bá mú un, ó gan. Tó bá dẹ̀ jù, ó yẹ̀, pẹlẹbẹ náà á sì máa gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́ títí tó fi lè ya. Kí ni ìdè ní yàtọ̀ sí kó tú?

Ẹnì kan á ní ohun ẹlẹ́mìí nìkan ló ní oríkèé. Tábìlì ńkọ́ tó ní ẹsẹ̀, àbí abẹ́rẹ́ tó ní ojú?

Pẹlẹbẹ náà, etí ni mo fi í pè: etí apá, etí ìrù. Etí aṣọ ni, etí ewúrẹ́ náà sì ni, èyí tó lè gbé ọ̀kan sókè kó sọ èkejì kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti apá ń ṣe: bí tọ̀tún bá lọ sókè, tòsì á wá sílẹ̀, ọkọ̀ á sì fì sọ́tùn-ún. "Agbéga" sì ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀, torí bí etí ìrù bá tẹ̀ wálẹ̀, imú ọkọ̀ ló ń dorí kodò.

Ti pẹlẹbẹ tó dúró lóòró nídìí ọkọ̀, ìtọ́kọ̀ ni. Ó wà nínú Bíbélì, Jákọ́ọ̀bù 3:4. Lóòótọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ ẹ̀ńjìnnì etí ọ̀sà wa kì í lò ó mọ́, ẹ̀ńjìnnì gan-an ni wọ́n ń yí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò tíì kú.

Ti ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ ká fi íńjìsì sílẹ̀ fún kàfíńtà. Èyí tí mi ò rí ojútùú rẹ̀ ni mọ́tò kékeré tó ń fa wáyà tó ń mi etí náà. Iṣan ni mo kọ́kọ́ fẹ́ pè é, àfi bí mo ṣe rí i pé wáyà yẹn ló jọ iṣan jù. Ẹ bá mi wò ó.