Èsì: Ta ló gbé ohùn, ta ló gbọ́ ọ? (lórí "agbóhùn")

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tèmi.

Mo fẹ́ panu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ẹ̀yìn tó ń ro mí láti ọjọ́ Sátidé ò jẹ́. Fún ẹ̀yin tí kò tíì dé etí yín: ẹ̀gbọ́n wa kan níbí kọ ìlànà bí èèyàn ṣe lè fi REW wọn sípíkà nínú yàrá ara rẹ̀. REW yẹn, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń wọn ohùn ni, ọ̀fẹ́ ni, John Mulcahy ló ṣe é. Á rán ohùn kan gba inú sípíkà, ohùn ọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá bí ìgbà tí àgbà ń kùn sínú, á máa gòkè títí á fi dà bí ẹ̀fọn létí. Máìkì á gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á sì fi ìlà ya ohun tí máìkì gbọ́. Ìlànà náà dára. Ẹ̀gbọ́n ò fi ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì kan sí i, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti wọlé. Máìkì, wọ́n sọ ọ́ ní "agbóhùn". Sípíkà, wọ́n sọ ọ́ ní "agbóhùnjáde". Nígbà tí a ó fi dé ìpínrọ̀ kẹta, jáde ti já bọ́, àwọn méjèèjì ti di agbóhùn.

Wọ́n ní: "Gbé agbóhùn sí ibi tí orí rẹ máa ń wà tí o bá jókòó."

Èmi tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́, tí bàbá mi ń pe àpótí sípíkà wọn ní agbóhùn títí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè, kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo gbé bọ́fà, sípíkà ńlá tó ń gbé ìró ìsàlẹ̀ jáde. Íńṣì méjìlá, nínú àpótí pákó tí mo kàn fúnra mi. Mo wọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri dé orí àga mi, mo fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn kó má baà dojú dé. Mo wá gbé máìkì lọ sídìí ògiri, níbi tí bọ́fà wà tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi yọjú, ó wo bọ́fà lórí àga, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, àlejò."

Nígbà tí mo kọ ọ́ síbí, ẹ̀gbọ́n fèsì pé kò sóhun tó bàjẹ́, pé fún ìró ìsàlẹ̀, bí èèyàn bá fi sípíkà sáyè máìkì tó sì fi máìkì sáyè sípíkà, ohun kan náà ni kọ̀ǹpútà máa yà. Òótọ́ ni. Ó sì bí mi nínú pé òótọ́ ni. Àwọn tó ń wá ibi tí bọ́fà máa dúró sí mọ̀ ọ́n mọ̀ ń gbé e sórí àga, wọ́n á wá máa fi máìkì rá kiri ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró òkè ńkọ́, tí sípíkà ń dojú rẹ̀ kọ apá kan ṣoṣo? Ẹ̀gbọ́n ò dáhùn ìyẹn. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí náà, wọn ò dáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Bí ẹ bá gbé ohùn, ẹ gbóhùn. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn ńkọ́? Ẹ gbóhùn náà ni. Ẹni tó gbọ́ èdè, a ní ó gbédè. Ẹni tó gbọ́ òórùn, a ní ó gbóòórùn. Ọ́ inú gbọ́ kì í bá ẹnikẹ́ni jà: fáwẹ́lì mìíràn dé, ó lọ, àmì òkè nìkan ló fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ohùn orí ọ̀rọ̀ ni yóò là wọ́n. Ohùn wo? Òkè ni gbé, òkè ni gbọ́. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ní ká máa kọ "agbọ́hùn" fún máìkì. N ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí, a ò sì lè tìtorí máìkì yí ìpajẹ fáwẹ́lì padà. Àwọn àgbà tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, iṣẹ́ tí àpótí náà ń ṣe ni wọ́n wò: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gbèsì. Ẹ fi gbé rọ́pò gbà inú gbèsì (gba èsì) kí ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ á dàrú. Agbóhùn ló ń gba ẹni tó bá ti dé.

Kì í ṣe àríyànjiyàn lásán ni mo ń ṣe. Ìlànà yẹn kan náà ní kí n "yan agbóhùn rẹ nínú àtẹ". Àtẹ méjì ló wà lójú REW, ti ohùn tó ń wọlé àti ti èyí tó ń jáde. Mo yan ti èyí tó ń jáde, mo fi èkejì sílẹ̀ bí mo ṣe bá a. Wákàtí kan gbáko ni mo fi wọn ariwo fáànù kọ̀ǹpútà, torí máìkì kékeré inú rẹ̀ ló ń gbọ́, èyí tí mo fowó rà dúró lórí ìdúró rẹ̀ bí olórí ẹbí tí ẹnikẹ́ni ò bi ní nǹkan. Bó bá ṣe yín, ẹ fi ìka kan orí máìkì. Bí ìlà aláwọ̀ ewé ò bá fò, kì í ṣe òun lẹ ń wọn.

Ẹlòmíì wá ní ká fi agbóhùn sílẹ̀, ká kúkú lo "gbohùngbohùn" tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ̀ẹ́n! Àwọn kan ń fi pe máìkì, àwọn kan ń fi pe họ̀ọ̀nù orí mọ́sáláṣí. Gbohùngbohùn tí èmi mọ̀ ní kékeré ni ti òkúta Ìdànrè: ẹ pè é, á pè yín padà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn, torí a nílò rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gbé sípíkà kékeré kan sórí ìdúró, ó ga tó mítà 1, máìkì ga tó mítà 1, mítà 1 ló wà láàárín wọn. Ìlà jáde, ihò gbàgà kan wà níbi bíi 140 Hertz, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 140 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ní sípíkà ti bàjẹ́. Mo tú u, mo wo wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, mo dè é padà. Ihò ò kúrò. Nígbà tó yá ni mo mú bírò. Ohùn tó lọ tààrà rin mítà 1. Èyí tó kọ́kọ́ balẹ̀ lórí táìsì kó tó ta bá máìkì rin mítà 2.24. Mítà 1.24 tó fi gùn ju èkejì lọ, ìdajì ìgbì ohùn 140 Hertz ni, nígbà tí ohùn ń rin bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀kan ṣe ń tì, èkejì ń fà, wọ́n pa ara wọn. Mo sún máìkì mọ́ sípíkà, ó ku ààbọ̀ mítà. Ihò náà dìde, ó lọ jókòó sí apá 110 Hertz, kò sì jìn mọ́. Bó bá jẹ́ sípíkà ló ń ṣàìsàn, ihò ò ní rìn. Gbohùngbohùn ló gbẹ́ ẹ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi, sípíkà ni mo ń bá wí.

Ó dáa, ẹ wá fi gbohùngbohùn pe sípíkà àti máìkì náà, kí ẹ sọ ìtàn mi fún ẹlòmíì: gbohùngbohùn ló ba gbohùngbohùn jẹ́ létí gbohùngbohùn. Ẹ bá mi tú u.

Bàbá kan wà ní Ọjà Ọba nígbà èwe mi tí wọ́n ń yáni ní họ̀ọ̀nù fún ìnáwó. Wọn ò kàwé. Họ̀ọ̀nù, ẹnu ni wọ́n ń pè é, máìkì, etí. "Ẹ má kọjú etí sẹ́nu o, á han!" Ẹni tó bá ti jókòó níbi òkú àgbà tí sípíkà han gooro mọ ohun tí wọ́n ń wí. Nínú REW, ẹnu gan-an la ń kọjú etí sí, kì í sì í han, torí ohun tí etí gbọ́ kì í padà sẹ́nu, inú fáìlì ló ń lọ. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ṣe ṣàlàyé gbogbo rẹ̀? N ò ní ká máa kọ etí àti ẹnu sínú ìwé o. Máìkì àti sípíkà tó mi.

Ìyáàfin wa tó ń kọ̀wé láti Oǹdó ní kì í tilẹ̀ ṣe gbà (gba ohùn) ló wà nínú gbohùngbohùn, pé gbè ni, bíi ti gberin, bíi ti elégbè: òkúta kì í gba ohùn, ègbè ló ń gbè. Ó dùn létí, mo gbà. Gbà ohùn, gbè ohùn, àárín ni méjèèjì bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìyá, níbo lẹ ti gbọ́ "gbohùn" lẹ́nu elégbè rí? Ẹ mú un wá. Ti pé ẹ ní ará Àkúrẹ́ tó ń pe ilé ní ulé ò lè kọ́ yín ní fáwẹ́lì, ulé ni, ulé la ó sì máa pè é.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọgbọ̀n ọdún lẹ fi kọ́ Yorùbá ní kíláàsì. A kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Sípíkà mélòó lẹ ti fọwọ́ ara yín dè?

Iná ti dé. Bọ́fà ṣì wà lórí àga, ẹ̀yìn mi ò tíì gbà kí n gbé e. Ìyàwó mi ti fi aṣọ bò ó.