Wọ́n fún màmá mi lóògùn ṣúgà lẹ́ẹ̀mejì, kí ni kí n ṣe?

Òkun o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Màmá mi wà nílé ìtọ́jú àgbàlagbà kan lẹ́bàá Kàbà torí Lọ́kọ́ja ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè dúró tì wọ́n. Wọ́n ní ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo débẹ̀ lánàá, mo bá wọn tí òógùn ń bọ́ lára wọn, ọwọ́ ń gbọ̀n, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń pè mí. A fi mítà wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, 41 mg/dL péré! Àṣé ẹni tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ ti fún wọn ní glibenclamide, oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, kò kọ ọ́ síbì kankan, ẹlòmíì dé ó tún fún wọn, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì jẹun o. Ara ti yá báyìí. Ìyàwó mọ̀lẹ́bí wa ló ni ibẹ̀, ó ń bẹ̀ mí kó má dariwo. Ṣé kí n kó wọn kúrò ni?

Ọmọ Ìyàrà: Lónìí olónìí jàre! Tó bá jẹ́ òru ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Mọ́pà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má tíì sọ pé ara ti yá o, glibenclamide máa ń pẹ́ lára àgbà, pàápàá tí kíndìnrín ò bá lágbára mọ́, ṣúgà á gòkè tán á tún já wálẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ sọ́sibítù kí wọ́n máa wò ó. Tí ṣúgà bá lọ sísàlẹ̀ 70 mg/dL tí wọ́n sì lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣúgà mómi fún wọn, ẹ tún wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n wá jẹun. Tí wọn ò bá mọ ibi tí wọ́n wà, ẹ má da nǹkankan sí wọn lẹ́nu. Ẹ sì bi dókítà bóyá kí wọ́n pààrọ̀ oògùn yẹn, a kì í fẹ́ fún àgbà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ wo ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí. Níbi tí bàbá wa wà, inú ọ̀rá kan ṣoṣo ni, wọ́n á lọ gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú ògì.

Nọ́ọ̀sì Mọ́pà: Yéè! Èyí tí wọ́n bá kọ SR, XR tàbí retard sí, a kì í lọ̀ ọ́ o! Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó máa tú sára. Tí ẹ bá lọ nifedipine retard tó jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo ẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ gbì.

Bàbá Ìsánlú: Ọmọ mi, rọra. Tóo bá kó wọn dé Lọ́kọ́ja, ta ló máa wà nílé tóo bá lọ síbi iṣẹ́? Ra ìwé kan fún wọn, orúkọ oògùn, iye ẹ̀, àsìkò, kí ẹni tó fún wọn fọwọ́ sí i. Ẹni tó kàn, kó kọ́kọ́ wo ìwé.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé sà. Mo pe ẹni tó ni ibẹ̀ nípa ìwé yẹn, ó ní àwọn méjèèjì tó ń fún wọn lóògùn ò mọ̀wé kà.

Nọ́ọ̀sì Mọ́pà: Ta ló wá ń ka ara páálí fún wọn látọjọ́ yìí?

Ẹni tó béèrè: Àwọ̀ oògùn ni wọ́n ń wò. Mo ti wà nínú mọ́tò, mo ń lọ gbé wọn.