Kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa jìnnà sí mi: ṣé kí n tan vPro tó wà nínú wọn?

Akọ̀wé Alájẹsẹ́kù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kan n'Ìbàdàn. A ní ẹ̀ka ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Dell OptiPlex 7040 tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ ibẹ̀, i5 ni wọ́n, àmì vPro (ètò Intel fún bíbójú tó kọ̀ǹpútà láti òkèèrè) sì wà lára àwọn kan. AnyDesk ni mo fi ń wọ inú wọn láti Ìbàdàn, kò sì sí wàhálà níwọ̀n ìgbà tí Windows bá ti gbéra. Àmọ́ bí Windows fúnra rẹ̀ bá kọ̀, ọwọ́ mi ò tó nǹkan kan mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ̀ǹpútà akápò Ṣakí ò gbéra láàárọ̀, àwọn tó wá gba ẹ̀yáwó sì ti tò sílẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Mo wọkọ̀ lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, ètò BIOS (èyí tó ń gbé ẹ̀rọ dìde kí Windows tó dé) ló dàrú, mo kàn tò ó padà ni, ó tán.

Mo gbọ́ pé vPro ní ohun kan tó ń jẹ́ AMT, téèyàn lè fi rí ojú kọ̀ǹpútà láti òkèèrè kódà bí Windows ò bá sí níbẹ̀ rárá. Ṣé lóòótọ́ ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó? Ṣé kò ní ṣílẹ̀kùn fún olè? Owó olówó ló wà nínú àwọn ẹ̀rọ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè kí n tó fọwọ́ kàn án.

Bọ̀dá Oníwáyà:
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Yàtọ̀ sí pírósẹ́sọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, ọ̀kan kékeré tún wà nínú chipset (ṣíìpù orí bọ́ọ̀dù), Management Engine ni Intel pè é, òun ló ń gbé AMT ṣiṣẹ́. Kò gbára lé Windows, kò gbára lé hard disk. Ẹ lè pa kọ̀ǹpútà. Bó bá ṣáà ti wà lójú iná, tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì wà lára rẹ̀, òun ò sùn. Láti 2006 ni vPro ti wà, 2010 sì ni wọ́n fi KVM kún un, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ fi lè rí ojú kọ̀ǹpútà látìgbà tó bá ti ń gbéra, kẹ́ ẹ sì wọ BIOS rẹ̀.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì wà láàyè. Dell máa ń ta àwọn kan tí wọ́n ti pa nǹkan yìí pátápátá láti ilé iṣẹ́, torí ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á béèrè nìyẹn. Irú wọn, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ F12. Bẹ́ ẹ bá rí MEBx (ibi tí wọ́n ti ń to AMT) láàárín ohun tó tò sílẹ̀, ọ̀nà là. Ctrl+P ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn ń lò.

Bẹ́ ẹ bá wọlé, "admin" ni ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá. Á ní kẹ́ ẹ yí i padà lójú ẹsẹ̀: lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà àti àmì, kó má dín ní mẹ́jọ. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: bí kíbọ́ọ̀dù ti Amẹ́ríkà ni MEBx ṣe ń ka ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀. Tòkunbọ̀ Lọ́ńdọ̀nù sì ni ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ọwọ́ wa, ibi tí @ wà lórí tiwọn kọ́ ló wà lórí ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin á rò pé @ lẹ tẹ̀, ohun mìíràn ló gbà. Ẹ lo ! kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀, ibì kan náà ló wà lórí méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Intel AMT Configuration, ẹ tan KVM àti SOL (èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ lásán ránṣẹ́ láìsí àwòrán), kẹ́ ẹ wá tẹ Activate Network Access. Ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà MÌÍRÀN, ẹ tẹ IP (àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ẹ̀rọ tẹ́ ẹ tò pẹ̀lú :16992 sínú bùráúsà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà torí orí ẹ̀rọ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dán an wò. Bí kò bá dáhùn, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́.

Ojú ìwé yẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ kẹ́ ẹ sì pa á, ṣùgbọ́n kò ní fojú kọ̀ǹpútà hàn yín. MeshCentral, ètò kan tẹ́ ẹ máa gbé sórí sáfà tiyín, lẹ máa lò fún ìyẹn, ọ̀fẹ́ ni.

Àǹtí Ààbò:
Gbogbo ohun tí Bọ̀dá sọ ló dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó yẹ kó ṣáájú kún un. Ẹ gba BIOS tuntun lórí ìkànnì Dell, kẹ́ ẹ fi sórí gbogbo wọn KÍ Ẹ TÓ tan AMT. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2017, Intel kéde àléébù kan, CVE-2017-5689: èèyàn lè gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ AMT láìmọ ọ̀rọ̀ aṣínà, kó kàn fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Láti AMT 6 dé 11.6 ló kàn. AMT 11 ló wà nínú 7040 yín, tòkunbọ̀ sì ni. Ẹ ò mọ̀ bóyá ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ fi àtúnṣe sí i.

Ní 2018, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà F-Secure tún fi hàn pé ẹni tó bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tí "admin" rẹ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀ lè gba AMT rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé, bí ẹ tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí BIOS. Nítorí náà, ẹ tan AMT o, ẹ má tan án o, ẹ yí "admin" padà lórí gbogbo wọn. Èyí kan gbogbo ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí tó ní ẹ̀rọ vPro nílé.

Ẹ má sì ṣí port 16992 (ẹnu ọ̀nà AMT tí Bọ̀dá sọ yẹn) sórí íntánẹ́ẹ̀tì láé. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi bẹ̀ yín.

Ọmọ Òkè Ògùn:
Ẹ̀gbọ́n, SIM lẹ ń lò sí ráútà ní Ṣakí, àbí? Kódà bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí port, kò ní ṣeé ṣe, torí ọ̀pọ̀ oníbàárà ni wọ́n kó sábẹ́ IP kan ṣoṣo. CIRA ni kẹ́ ẹ lò. AMT fúnra rẹ̀ lá máa pe sáfà MeshCentral yín jáde, ní port 4433. Ẹ ò ní í ṣílẹ̀kùn kankan ní ẹ̀ka, bí ẹ̀rọ bá sì wà ní pípa, á ṣì máa pè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Èyí ló ń ká mi lára jù. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí wọ́n sì pa inverter kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, AMT ti kú nìyẹn, ẹ ò ní rí nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ wọ BIOS, ẹ fi AC Recovery sí Power On, kí ẹ̀rọ lè gbéra fúnra rẹ̀ bí iná bá dé. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ráútà náà wà lórí inverter, torí òun ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé.

Akọ̀wé Alájẹsẹ́kù:
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bù kún yín. Mo ti fi BIOS tuntun sórí àwọn ti Ìbàdàn níbí, mo sì ti dán ọ̀kan wò: mo wà ní yàrá kejì, mo ń wo BIOS rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà mi. Inú mi dùn débi tí mo pe ọ̀gá wá wò ó. Ọ̀gá wá béèrè pé ṣé òṣìṣẹ́ á mọ̀ bí a bá ń wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀? Ìkejì, ẹ̀rọ kan ò gba "admin" rárá.

Àǹtí Ààbò:
Ọ̀gá yín ṣeun tó béèrè. Á mọ̀. Ìlà pupa àti yẹ́lò á máa ṣẹ́jú yí etí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ po níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀. User Consent tún wà nínú MEBx: bó bá wà ní títàn, nọ́ńbà mẹ́fà á jáde lójú òṣìṣẹ́, òun ló máa kà á fún yín kẹ́ ẹ tó wọlé. Ní tèmi, mo máa fi í sílẹ̀ ní títàn lórí ẹ̀rọ akápò, kí n sì sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé nǹkan yìí wà. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ máa tún ṣe lóru tí kò sẹ́ni níbẹ̀ nìkan lẹ lè pa á lórí rẹ̀.

Bọ̀dá Oníwáyà:
Èyí tí kò gba "admin" yẹn, ẹni tó ní i tẹ́lẹ̀ ló ti yí i padà. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ ṣí i, ẹ yọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a padà. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ lo jumper RTCRST (píìnì kékeré tí wọ́n fi ń nu ètò BIOS) tó wà lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí ìyẹn náà ò bá ràn án, ẹ má gbé e sídìí owó, ibòmíràn ni kẹ́ ẹ lò ó fún.

Akọ̀wé Alájẹsẹ́kù:
Bátìrì ló ṣe é, ó ti gbà. Ọ̀kan ló kù o: nígbà tí òṣìṣẹ́ pa monitor rẹ̀, dúdú ni mo ń rí lójú KVM, ṣùgbọ́n AMT ṣì ń dáhùn.

Ọmọ Òkè Ògùn:
DisplayPort ni monitor yẹn, àbí? Bí wọ́n bá pa á, kọ̀ǹpútà á rò pé wọ́n ti yọ ọ́ ni, kò sì ní yàwòrán fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ra dummy plug (ohun tó ń díbọ́n bíi monitor) kékeré kan, kẹ́ ẹ fi sí ojú DisplayPort kejì, tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n má pa monitor. Mo máa ra plug, torí wọ́n máa pa á.